Wàrà Tí Kò Hó

"Mo ní o ò ní jẹ ẹ́! Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí bá ṣì wà lẹ́nu mi, o ò ní jẹ ẹ́!"

Gbàmù! Ìyá Àrá gbá àwo ẹyin dànù lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀. Àwo fò lọ bá ògiri, ó fọ́ yángá. Ẹyin dídín náà lẹ̀ mọ́ ògiri fún ìgbà díẹ̀, pupa rẹ̀ tí kò tíì dì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yọ́ sá kúrò níbi ìjà.

Aránṣọ jókòó síbẹ̀, ó ṣì na ọwọ́ síwájú, kò sì sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ebi ti ń pa á láti àárọ̀. Ọmọ inú rẹ̀ ta á nípàá lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni pé òun náà ń béèrè pé, ta ló gbé oúnjẹ òun?

"Ìyá, ṣé orí yín pé?" Káfíńtà, ọkọ Aránṣọ, fò dìde lórí àga ńlá rẹ̀. Ẹ má gbàgbé àga yìí o! Òun fúnra rẹ̀ ló kàn án, ó gbẹ́ orí kìnnìún sí apá rẹ̀ méjèèjì, ó sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fìdí kàn án àfi òun olórí ilé. "Ẹ fẹ́ febi pa ìyàwó mi! Ṣé àjẹ́ lẹ fẹ́ fi dàgbà ni?"

"Ta lò ń pè ní àjẹ́? Èmi tí mo ru orí ńlá yẹn sínú kiri, tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kó tó jáde? Tún un pè, kí n gbá ẹ létí, kí agogo máa dún nínú etí ẹ di ọ̀la!"

Ohùn yìí ló mú kí àdúgbò máa pè é ní Ìyá Àrá. Tó bá kí èèyàn "ẹ káàárọ̀" níwájú ilé, àwọn tó ń sùn ní òpópónà kejì á dáhùn.

"Ẹ má bínú, Ìyá," ni ohùn dídùn kan sọ láti ilẹ̀. "Ẹ̀bi mi ni. Mo máa lọ din òmíràn."

Ẹ wo ẹni tó kúnlẹ̀ tó ń ṣa àfọ́kù àwo yìí dáadáa. Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ ni, ọmọ ìyá kan náà. Ọmú kan náà ni wọ́n jọ mu. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é, nítorí pé eyín rẹ̀ funfun, kì í sì í pa ẹnu dé lé e. Wọ́n bú u, ó rẹ́rìn-ín. Òjò pa á, ó rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ máa sá fún un! Kí èyí tó kúrò lẹ́nu ẹni tó ni ín, ẹ̀jẹ̀ á ti kán sílẹ̀ nínú ilé yìí.

Oyún kan ti bà jẹ́ mọ́ Aránṣọ lára rí. Nígbà tó tún fẹ́ra kù, Ẹlẹ́rìn-ín ti ṣọ́ọ̀bù bàtà tó ń tà pa, ó di ẹrù, ó ní òun ń bọ̀ wá dáná fún àbúrò òun títí a ó fi gbọ́ ohùn ìyá, tí a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Aránṣọ sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kó fi omijé yẹn pamọ́.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ sí ọsibítù fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn aboyún. Nọ́ọ̀sì kúkúrú kan báyìí dúró níwájú, ó ń fi ìka lu tábìlì.

"Ẹ jẹun! Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú yín ò tó. Ẹyin, ẹja, ẹran, ẹ̀wà, wàrà, gbogbo ẹ̀ ló dáa. Ẹni tó bá ń sá fún oúnjẹ nítorí ẹ̀rù, òun àti ọmọ ni ebi máa lù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jinná! Wàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lára màlúù, ẹ sè é kó hó. Ẹyin, kó le. Ẹran, kó má pupa nínú. Oúnjẹ àná, ẹ gbé e kaná títí èéfín á fi máa yọ lára ẹ̀. Kòkòrò kan wà tí fíríìjì pàápàá ò lè pa. Ìyá á rò pé òtútù lásán ló mú òun, ṣé ẹ gbọ́, ọmọ inú ló sì ń bá jà!"

Ẹlẹ́rìn-ín nìkan ló nawọ́ sókè. "Nọ́ọ̀sì, láti ìgbà wo lèèyàn ti gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ra? Ṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, àbí ó dìgbà tí ikùn bá yọ?"

"Láti ọjọ́ tí o bá ti mọ̀."

Inú Aránṣọ dùn pé ẹ̀gbọ́n òun ń fetí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe jáde, Ẹlẹ́rìn-ín bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí wàhálà! Kòkòrò inú fíríìjì! Ṣé ó wọ kóòtù ni? Wàrà tútù ni ìyá wa mu tó fi bí wa, àbí a fọ́jú?"

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti di ìdánwò. Bí Ẹlẹ́rìn-ín bá gbé àwo wá, Aránṣọ á wò ó títí. Bí òun ò bá jẹ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ òun ò ní tó. Bí òun bá jẹ ẹ́ ńkọ́? Á béèrè wẹ́rẹ́ pé, "Àǹtí, ṣé wàrà yìí hó?" Ẹlẹ́rìn-ín á di ọwọ́ mọ́ àyà. "Èmi! Èmi tí mo fi ọjà mi sílẹ̀! Ṣé òpùrọ́ lo wá fẹ́ sọ mí dà?" Ojú á ti Aránṣọ, á gbé ife sẹ́nu. Ibi tó bá ti fẹ́ mu ún ni Ìyá Àrá á ti já wọlé bí ẹni tí iná ń lé, gbàmù! Àwo ilé kù díẹ̀ kó tán. Bí wọ́n bá sì bi í pé kí ló dé, á la ẹnu, á wo ojú ọmọ rẹ̀, á tún pa ẹnu dé, á bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbogbo ayé.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń tètè dé. Ní ọjọ́ kan, ibà gbé Aránṣọ, ẹ̀yìn ń ro ó, inú ń lọ́ ọ. Wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Wọ́n fi ẹ̀rọ sí ikùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ọ: kì, kì, kì, kì. Ọkàn ọmọ ṣì ń lù.

"Kí lo jẹ?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

Kó tó dáhùn, Ẹlẹ́rìn-ín ti gbà á sọ. "Ìyá ọkọ ẹ̀ kì í jẹ́ kó jẹun nínú ilé o, nọ́ọ̀sì. Ohun tó bá rí níta ló ń jẹ."

Nígbà tí wọ́n padà délé, Káfíńtà kò tilẹ̀ bọ́ bàtà. Ó wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì aláwọ̀ búlúù kan, ó sọ ọ́ síta, gbì!

"Ẹ jáde nílé mi!"

"Ilé ta? Bàbá ẹ ló kọ́ ọ! Èmi ni mo pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì ẹ̀! Orúkọ mi ló wà lára ìwé ẹ̀!"

"Ẹ jáde, kí n tó gbé yín jáde!" Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó fà á, ẹsẹ̀ ìyá arúgbó kọ ìloro, ó ṣubú lórí eékún méjèèjì. Ó dìde, ó sì fi ọwọ́ tó kù gbá a létí, gbá-à! Ìka máràrún hàn lójú Káfíńtà. Ìyá yí sí Aránṣọ. "Ìyàwó mi, ìwọ náà sọ̀rọ̀. Ṣé kí n lọ?"

Aránṣọ rántí ohùn kì, kì, kì yẹn. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń fi aṣọ nu òógùn ojú òun. Ó wo obìnrin tó ti ń gba oúnjẹ lẹ́nu òun láti ọjọ́ yìí wá.

"Ẹ máa lọ, Ìyá," ló wí.

Ìyá Àrá la ẹnu. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ń tiro, ó rìn yí ilé po, ó sì wọ ìsọ̀ káfíńtà tó wà lẹ́yìnkùlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ wá jáde láti inú ibẹ̀: "Mo ti kó lọ! Ẹni tó bá fẹ́ lé mi níbí, kó wá! Ayùn pọ̀ níbí o!"

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Aránṣọ ń rán aṣọ. Síkẹ́ẹ̀tì Ẹlẹ́rìn-ín ló wà lórí máṣíìnì. Ó ti ní kí àbúrò òun bá òun tú ìbàdí rẹ̀ fẹ̀, pé oúnjẹ ilé yìí ti ń sọ òun di àgbá. Òùngbẹ gbẹ Aránṣọ, ó dìde, ó bọ́ bàtà nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó sì rìn lọ sí kíṣìnnì. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín dúró ti sítóòfù, ó ń se wàrà. Ó ń rò ó, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Wàrà hó, ó ru sókè. Ó rẹ iná sílẹ̀, ó tún jẹ́ kó hó lẹ́ẹ̀kejì. Ojú ara rẹ̀ ti Aránṣọ. "Ẹ wo ẹ̀gbọ́n rere tí mò ń fura sí!" ló wí nínú ọkàn rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó wọlé lọ dì mọ́ ọn.

Ẹlẹ́rìn-ín wá da díẹ̀ nínú wàrà náà sínú ife aláwọ̀ ewé, ife tirẹ̀, ó fẹ́ ẹ, ó mu ún. Ó ṣí fíríìjì, ó mú ìgò wàrà míràn jáde, èyí tó tutù nini, ó dà á sínú ife olódòdó, ife Aránṣọ. Ó bu omi gbígbóná ṣíbí kan sí i kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó kúrò níbẹ̀, ó bọ́ sídìí páànù. Ẹyin kan: ó yí i, ó tẹ̀ ẹ́, ó gé e sí méjì láti wo inú rẹ̀, ó tún dá a padà síná títí ó fi le koránkorán. Ẹyin kejì: ó fọwọ́ kan iná lásán, ó gbé e sínú àwo àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ẹlẹ́rìn-ín, ẹni tó ní kòkòrò kò wọ kóòtù, fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé abẹ́ ìdodo rẹ̀, ó sì kọrin kan wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Aránṣọ padà sídìí máṣíìnì lórí ìka ẹsẹ̀. Ó wo ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì tó wà níwájú rẹ̀. Ohùn nọ́ọ̀sì dún sí i létí: láti ọjọ́ tí o bá ti mọ̀! Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ máṣíìnì láìmọ̀, abẹ́rẹ́ gún un ní ìka, ó wọlé ní apá kan, ó yọ ní apá kejì. Kò ké. Ó fa ìka náà yọ, ó fi síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Káfíńtà wá jẹun ọ̀sán, ó jókòó sórí àga kìnnìún. Ẹlẹ́rìn-ín gbé oúnjẹ dé, ẹ̀rín kún ẹnu.

"Àbúrò mi, wàrà ẹ rèé, ó gbóná dáadáa."

"Ẹ ṣé, Àǹtí. Ẹ jókòó, ká jọ pín in. Ó pọ̀ jù fún mi."

"Ah, mo ti mu tèmi."

"Ẹ kàn fẹnu kàn án."

"Wàrà tútù kì í bá mi lára mu mọ́."

"Wàrà tútù? Ṣe bí ẹ ní ó gbóná?"

Káfíńtà hùn. "Kí ló dé tí ẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀ wàrà bí ẹni fa ọ̀ràn? Mu wàrà ẹ, obìnrin yìí!"

Aránṣọ dìde. Obìnrin tí kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lánàá, ó fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ yẹn di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú, ó sì ti ife lu eyín rẹ̀, kọ́! "Mu ún! Èyí tí o fi ń tọ́jú ọmọ mi, mu ún kí n rí i!"

"Fi mí sílẹ̀! Ó ti ya wèrè!"

"Mu ún!" Kọ́! Eyín funfun kan kán sínú ife. Wàrà ṣàn sí i ní àgbọ̀n, òun àti ẹ̀jẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín tutọ́, ó ń fi aṣọ họ ahọ́n rẹ̀ bí ẹni tó jẹ iyanrìn, ó sì figbe ta:

"Ṣé o fẹ́ ba oyún mi jẹ́ ni?!"

Káfíńtà dìde díẹ̀ lórí àga rẹ̀, ó tún jókòó.

Káfíńtà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti di tinrín. "Oyún kẹ̀? Àǹtí, ta ló... ta ló fún yín lóyún?"

Òpùrọ́ ni ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n kò mọ irọ́ pa!

"Ta ló fún mi? Ìwọ lò ń bi mí bẹ́ẹ̀? Ìwọ tí o máa ń yọ́ wọ yàrá mi, tí o ní ìyàwó ẹ ń hanrun? Ìwọ tí o ní èmi lo máa gbé sílé yìí?"

"Irọ́ ni! Irọ́ ńlá! Mi ò mọ oyún kankan!"

"O ò mọ̀ ọ́n? Èmi mọ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀!"

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn já kúrò lára ògiri. Ìyá Àrá ló dúró níbẹ̀, ó gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ kan lérí, èérún igi kún gbogbo irun rẹ̀. Ó sọ ọ́ sílẹ̀ gbìì. "Ẹ wò ó! Bẹ́ẹ̀dì kan ti wà ní yàrá ìyàwó mi. Èyí ni mo bá lábẹ́ tapólì, lẹ́yìn pákó, níbi tí ẹ lé mi lọ! Mo ní bóyá oníbàárà ló ni ín. Mo wo orí ẹ̀, kìnnìún! Ọmọ mi ò gbẹ́ kìnnìún fún oníbàárà rí! Ọmọ ta ló ń kàn án fún? Ìyàwó mi ò gbé ìbejì!"

Ìjà bẹ́. Ẹlẹ́rìn-ín sáré wọ kíṣìnnì, ó gbé ìkòkò wàrà tó ṣì ń hó lórí sítóòfù, ó jù ú sí ikùn àbúrò rẹ̀. Ọ̀nà ikùn ni, ẹ gbọ́! Ìyá Àrá fò bí ọmọdé, ó gbá Aránṣọ mọ́ra, àwọn méjèèjì ṣubú sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Ìkòkò kọjá lórí wọn, fùú, ó sì lọ balẹ̀ sórí itan olórí ilé nínú àga kìnnìún rẹ̀.

Igbe tí Káfíńtà ké lọ́jọ́ náà, ohùn ìyá rẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀ rí. Ó ń fò sókè, ó ń fa ṣòkòtò ya, awọ itan rẹ̀ sì ń bá a lọ. "O pa mí o! Obìnrin burúkú! Ṣe bí o ní àìsàn díẹ̀ lásán ló máa ṣe é, ká fi lè rí ẹ̀sùn lé Ìyá jáde! O ò sọ fún mi pé ọmọ lè kú!"

"Pa ẹnu ẹ dé!"

"Ìwọ lo ní kò ní sí ẹni tó máa fura! O ní kì í ṣe májèlé, wàrà ni!"

"Wàrà náà ni!" Ẹlẹ́rìn-ín kígbe, ihò ń bẹ níbi tí eyín wà tẹ́lẹ̀. "Ta ló lè mú mi nítorí wàrà? Ẹni tí orí ẹ̀ ò bá dá oyún dúró, ṣé èmi ni..."

Kò parí rẹ̀. Aránṣọ gbá a lẹ́nu, ìgbájú kan, ìgbájú kejì, títí àwọn ará àdúgbò tí wọ́n ti kún ojú fèrèsé fi wọlé wá là wọ́n. Gbogbo wọn ló gbọ́. Ta ni kò gbọ́?

Ìyá Àrá mú báàgì búlúù yẹn, ó da aṣọ tirẹ̀ sílẹ̀, ó kó aṣọ ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sọ ọ́ síta, gbì! Káfíńtà tiro jáde pẹ̀lú aṣọ ìnura ní ìdí. Ẹlẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e, bàtà kan lẹ́sẹ̀, òun tó jẹ́ oníbàtà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó pa ẹnu rẹ̀ dé lé eyín.

Nígbà tí ilé dá, Aránṣọ yí sí ìyá ọkọ rẹ̀. "Ìyá, ẹ mọ̀. Ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Mo rí ọkọ ẹ ní àárọ̀ kan tó ń jáde ní yàrá obìnrin yẹn, ìró obìnrin ló ró. Mo tún rí bí ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe ń bu wàrà tí kò hó fún ẹ. Bí mo bá sọ ìkan, màá sọ ìkejì. Ọmọ mi ni. Ẹnu yìí tó ń jí gbogbo àdúgbò, kò gbà á láti pe ìtìjú tèmi. Mo bá ń fọ́ àwo."

"Bí ọmọ mi bá kú ńkọ́?"

Ìyá Àrá kúnlẹ̀. Ó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí i. "Gbá mi. Ó tọ́ sí mi."

Ó tọ́ sí i lóòótọ́! Aránṣọ gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ náà dúró lókè títí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sínú irun ìyá náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èérún igi kúrò níbẹ̀. "Èmi náà ni mo ní kẹ́ ẹ máa lọ," ló wí.

Káfíńtà àti Ẹlẹ́rìn-ín gba yàrá kan lẹ́yìn ìsọ̀ mẹkáníìkì. Kò sí ẹni tó gbé iṣẹ́ pákó fún ọkùnrin náà mọ́. Ṣùgbọ́n ìyà Ẹlẹ́rìn-ín ju èyí lọ. Kò lè jẹun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Aládùúgbò gbé ọbẹ̀ wá, ó dà á nù. Káfíńtà ra wàrà dé, Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Ta ló gbé e fún ẹ? O fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà?" Á sè é kó hó, á tún sè é, á fi ìmú gbóòórùn rẹ̀, á sì dà á sílẹ̀. Ó mọ ohun tí èèyàn lè fi ife wàrà kan ṣe, ẹni tó sì jọ ń gbé inú yàrá náà mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì ń ṣọ́ ara wọn lórí ìkòkò kan. Ní àárọ̀ kan, Ẹlẹ́rìn-ín bá bẹ́ẹ̀dì olórí kìnnìún lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àrá ló gbé e wá. Ó gbé e kalẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni, ó sì padà sílé.

Aránṣọ bí ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ fọ́ etí àwọn nọ́ọ̀sì. "A ti mọ ilé tó ti wá," ni nọ́ọ̀sì kúkúrú yẹn wí.

Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọ délé, gáàsì tán. Ìyá Àrá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ sì dúró lórí àga kìnnìún. Ó lọ mú àáké. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àga olórí ilé ti di igi ìdáná lẹ́yìnkùlé, orí kìnnìún méjèèjì ń jó lábẹ́ ìkòkò. Aránṣọ jókòó tì í, ọmọ wà lọ́mú rẹ̀.

"Má tíì fọwọ́ kàn án o!" ni Ìyá Àrá pariwo. "Mo mọ̀ ẹ́, ọ̀kánjúwà ni ẹ́! Ó ti hó?"

Aránṣọ na ọrùn wo inú ìkòkò. Wàrà ru sókè, ó funfun, ó ń hó kùṣọ̀kùṣọ̀.

"Ó ti hó, Ìyá."

"Jẹ́ kó tún hó sí i."